Ọjọ́ Márùn-ún Lábẹ́ Òkúta

Ẹni tó bá fẹ́ kí Tíṣà Gbàdàmọ́sí bínú, kó sọ fún un pé ìṣirò le. Ọdún márùndínlógójì ló fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì wálé sí Ìjẹ̀bú-Òde. Títí dòní, bó bá ń lọ lójú títì, àgbàlagbà onírùngbọ̀n á sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja, á ní, "Tíṣà, ẹ rántí mi? Èmi lẹ nà nítorí táìmù téébù." Inú Tíṣà á dùn ṣìnkìn. Oríyìn nìyẹn jẹ́ lójú tirẹ̀.

Ẹ wáá wo ẹjọ́ tó dé bá ọkùnrin yìí. Hanifah, ọmọ ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó ń gbé lọ́dọ̀ òun àti Sàúdátù ìyàwó rẹ̀, gba mẹ́tàdínlógún nínú ọgọ́rùn-ún nínú ìṣirò. Mẹ́tàdínlógún! Ọmọ ọmọ Tíṣà! Nígbà tó ka káàdì náà tán, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un kà, bóyá nọ́ńbà náà á pọ̀ sí i. Kò pọ̀ sí i.

Azeemah, ìyá Hanifah, nọ́ọ̀sì ni ní Ìkòròdú. Ọdún méjì sẹ́yìn ló mú ọmọ náà wá sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀, nítorí iṣẹ́ tí kì í jẹ́ kó rójú. Nígbà tó gbọ́ èsì ìdánwò náà lórí fóònù, kò pariwo rárá. Ó ní, "Bàbá, Màmá, ẹ kú ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n bí kò bá gba ìdajì, ó kéré tán, ní táàmù tó ń bọ̀, mo máa wá mú un lọ. Mo ti rí ilé ẹ̀kọ́ kan níbí tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀kọ́ àfikún dé ìrọ̀lẹ́."

Háà! Tíṣà kò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Hanifah ló ń bu omi àlùwàlá fún un. Òun ló ń bá a wá awò ojú rẹ̀ káàkiri ilé nígbà tí awò náà wà lórí rẹ̀ gan-an. Òun ló ń fara tì í tí ìròyìn bá ń lọ lórí rédíò, tí oorun á sì gbé e lọ kí wọ́n tó ka ìròyìn dé ìdajì. Kí ọmọ yìí tó dé, òun àti Sàúdátù lè jókòó láti àárọ̀ dé ọ̀sán kí ọ̀rọ̀ tó wà láàárín wọn má ju "ẹ wá jẹun" lọ. Ó fẹ́ràn ọmọ náà dé egungun, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú un lọ.

Kí ló wáá ṣe? Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe náà ni. Ó gbé bọ́ọ̀dù rẹ̀ àtijọ́ jáde nínú yàrá, ó fi àkísà nù ún, ó pe Hanifah jókòó síwájú rẹ̀.

"Èwo ló pọ̀ jù, háàfù tàbí kúọ́tà?"

"Kúọ́tà, Bàbá."

"Kí ló dé?"

"Mẹ́rin ló wà nísàlẹ̀ kúọ́tà, méjì ló wà nísàlẹ̀ háàfù. Mẹ́rin ju méjì lọ."

Tíṣà fi rúlà lu tábìlì. Kò na ọmọ náà o, ó ti ṣèlérí fún Azeemah pé òun kò ní gbé pàṣán sí i. Ṣùgbọ́n ohùn Tíṣà, pàṣán ni. "Mo ti ṣàlàyé fún ẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta! Níbo ni etí ẹ wà?" Láti ọjọ́ náà, bí Hanifah bá ti rí bọ́ọ̀dù, á bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Sàúdátù wò wọ́n fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyá yìí kò mọ̀wé. Gaari ló ń ṣe ní ẹ̀yìnkùlé, gaari Ìjẹ̀bú tó ń kan lẹ́nu, tí èèyàn á da omi tútù sí, tí á pa ojú dé kó tó gbé e mì. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó nu ọwọ́ rẹ̀ sí ìró, ó wọlé, ó ní, "Bàbá Azeemah, ẹ yá mi lọ́mọ yìí."

"A ń kàwé."

"Mo rí i. Ẹ̀yin lẹ ń kàwé, òun ń sunkún. Ẹ yá mi ná."

Ó mú ọmọ náà jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ gaari tó ń tutù lórí ọ̀rá. Ó gbé ike kan àti agolo tòmátì kan fún un. "Bu gaari sínú ike yẹn kó kún, kí o sì máa ka iye agolo." Hanifah bù ú. Agolo mẹ́rin ló kún ike. "Ó dáa. Ká ní èèyàn méjì fẹ́ pín ike yìí dọ́gba, agolo mélòó ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan?"

"Méjì méjì."

"Bí wọ́n bá di mẹ́rin ńkọ́?"

"Ọ̀kọ̀ọ̀kan." Ó wo agolo, ó wo ike, ó sì ṣàdédé dìde dúró. "Ìyá Àgbà! Tiwọn kéré! Bí èèyàn ṣe ń pọ̀ sí i ni tiwọn ń kéré sí i! Kúọ́tà ló kéré!"

"Èmi ò mọ kúọ́tà," Sàúdátù wí. "Gaari ni mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bó o ṣe wí i yẹn náà ni."

Tíṣà wà lójú fèrèsé, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, owú sì jẹ ẹ́, nǹkan méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó sáré mú ṣọ́ọ̀kì, ó jáde sẹ́yìnkùlé. "Ó káre! Nísinsìnyí, háàfù pẹ̀lú kúọ́tà, kí ni ìdáhùn?" Hanifah wo ṣọ́ọ̀kì náà. Agolo bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, gaari dà sílẹ̀.

Ìyá yẹn ò bínú púpọ̀ rí, ṣùgbọ́n ó bínú lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Bàbá Azeemah, ẹ gbọ́ òfin ẹ̀yìnkùlé mi. Ẹni tó bá wá síbí, àpótí ni á jókòó lé. Ṣọ́ọ̀kì kò wọ ibí. Ìbéèrè kò sí lẹ́nu yín. Hanifah ni ọ̀gá, ọmọ iṣẹ́ lẹ̀yin. Bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ìròyìn ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí rédíò."

Ẹ wo ẹni tó ti jẹ́ ọ̀gá nínú kíláàsì fún ọdún márùndínlógójì! Ó padà sínú ilé pẹ̀lú ìbínú. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́ kejì, tó tún gbọ́ tí Hanifah ń rẹ́rìn-ín kèékèèké ní ẹ̀yìnkùlé, kò lè mú un mọ́ra. Ó jáde wá, ó wá àpótí, ó jókòó lé e, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀.

Hanifah wò ó dáadáa bóyá ó mú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́. Nígbà tó rí i pé kò sí, ó ní, "Bàbá, ìbéèrè yín rèé. Ẹ̀gẹ́ rírin ike mẹ́rin ni a dì sínú àpò, a sì gbé òkúta lé e. Bí a bá yan án tán, ike mélòó ni gaari máa jẹ́?"

"Mẹ́rin, kí lo tún ń bi mí sí," Tíṣà dáhùn kíákíá. "Ẹnikẹ́ni kò fi nǹkan kún un, ẹnikẹ́ni kò yọ nínú rẹ̀."

Ìyá àgbà àti ọmọ ọmọ wo ara wọn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, omi ńkọ́?" Hanifah ń pàtẹ́wọ́. "Omi ti ro dànù lábẹ́ òkúta! Èyí tó kù, iná ti gbé e lọ! Ike méjì dín kúọ́tà ló kù. Mo wọ̀n ọ́n fúnra mi!" Tíṣà náà rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó jẹ gaari Sàúdátù fún ogójì ọdún, kò sì mọ èyí rí.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá a lọ. Ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé di ìwé, èédú di báírò. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan géérégé kí ìdánwò bẹ̀rẹ̀, lọ́jọ́ Ajé, Sàúdátù di àpò ẹ̀gẹ́ tuntun, ó gbé òkúta lé e. Ó pe ọkọ rẹ̀. "Ọjọ́rú ni mo ń lọ sí Imusin fún ìkómọ tí Mùínátù, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, máa ṣe ní Ọjọ́bọ̀. Sátidé ni mo máa dé. Ẹ jẹ́ kí àpò yìí lo ọjọ́ márùn-ún lábẹ́ òkúta, kí ẹ sì tú u, kí ẹ tẹ́ ẹ sórí ọ̀rá. Kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ o, oníbàárà mi kò fẹ́ kó kan jù."

"Ọjọ́ márùn-ún," Tíṣà wí. "Fọkàn balẹ̀. Èmi lo fi sídìí rẹ̀."

Ní ọjọ́ Jímọ̀, Tíṣà ti mọ́sálásí dé, Hanifah náà ti ilé ìwé dé. Kò tíì bọ́ aṣọ ilé ìwé tó fi dúró sí iwájú bàbá rẹ̀ àgbà. "Bàbá, òní ni. Ẹ jẹ́ ká tú àpò."

"Ọ̀la ni. Ajé, a fi márùn-ún kún un, ó di Sátidé."

"Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà máa ń ka ọjọ́ tí wọ́n gbé òkúta lé e mọ́ ọn. Ajé jẹ́ ọ̀kan, Ìṣẹ́gun jẹ́ méjì..."

"Ta ní ń ka ọjọ́ tí kò tíì parí mọ́ ọn? Láti Ajé dé Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kan ni."

"Bàbá, ẹ wo ìkómọ tí Ìyá Àgbà lọ. Ọjọ́..."

"Hanifah!" Ohùn yẹn ni. Ohùn Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, ohùn ọdún márùndínlógójì. "Ta ni tíṣà láàárín àwa méjèèjì? Ohun tí o kò mọ̀, o fẹ́ kọ́ mi? Mẹ́tàdínlógún lo gbà, ó wà nínú káàdì!"

Ọmọ náà kò sunkún. Ó wọ yàrá, ó tilẹ̀kùn jẹ́jẹ́. Inú Tíṣà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bà jẹ́ kó tó gbọ́ tí ilẹ̀kùn náà kàn. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mẹ́tàdínlógún yẹn kò yẹ kó jáde lẹ́nu òun. Ṣé ó wáá lọ bẹ ọmọ náà? Kò lọ. Ó jókòó ti rédíò, kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, kò sì sí ẹni tó fara tì í.

Nígbà tí Sàúdátù dé ní ọ̀sán Sátidé, ẹ̀yìnkùlé ló kọ́kọ́ gbà lọ. Ó rí òkúta lórí àpò. Ó tú u, ó bu díẹ̀, ó fi kan ahọ́n, ojú rẹ̀ sì fún pọ̀. "Bàbá Azeemah, ẹ ò tú u! Òní ti di ọjọ́ kẹfà! Ọtí kíkan ni kí n yan fún àwọn èèyàn?"

"Ọjọ́ kẹfà báwo? Ajé sí Sátidé..."

"Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ mélòó la máa ń kó ọmọ jáde?"

"Ọjọ́ kẹjọ."

"Ọmọ tí a kó jáde ní Imusin ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ wo ni wọ́n bí i?"

Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kà. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n bí ọmọ náà, òun fúnra rẹ̀ ló kí wọn lórí fóònù. Bí a bá kà á bó ṣe ka gaari, Ọjọ́bọ̀ sí Ọjọ́bọ̀ jẹ́ méje. Ṣùgbọ́n kò sí Ìjẹ̀bú kan tó máa kó ọmọ jáde, tí kò ní ka ọjọ́ tí ọmọ náà dé ayé mọ́ ọn. Òun náà ti jókòó níbi ìkómọ tó lé ní ọgọ́rùn-ún, ó ti ń ka ọjọ́ bẹ́ẹ̀ láti kékeré. Ti gaari nìkan ló fi ìṣirò orí bọ́ọ̀dù kà.

"Hanifah ńkọ́?" Sàúdátù bèèrè. "Kò sọ fún yín?"

Tíṣà wọ yàrá ọmọ náà. Hanifah dojú kọ ògiri lórí ẹní, kò yí padà. "Bàbá, mi ò lè lọ sí ìdánwò ní Mọ́ńdè," ó wí jẹ́jẹ́. "Mi ò mọ̀ ọ́n. Ẹ sọ fún Màmá mi kí wọ́n wá mú mi." Ìwé kan wà ní ṣíṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ya àpótí mẹ́jọ sínú rẹ̀, láti Ọjọ́bọ̀ dé Ọjọ́bọ̀, ọmọ jòjòló kan wà nínú àkọ́kọ́, òmíràn wà nínú ìkẹyìn. Nísàlẹ̀ rẹ̀, àpótí márùn-ún, Ajé dé Jímọ̀, òkúta wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: *Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀kan. Bàbá bẹ̀rẹ̀ láti òdo.*

Tíṣà ka ìlà náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti kọ́ ẹgbẹ̀rún ọmọ, kò sí èyí tó ṣàlàyé òun fún òun báyìí rí. Ojú tì í, ìfẹ́ ọmọ náà sì kún ọkàn rẹ̀.

Ó jáde, ó gbé àpótí ẹ̀yìnkùlé wọlé, ó jókòó lé e lẹ́bàá ẹní, orúnkún kan àgbọ̀n. Ó mú báírò pupa rẹ̀ jáde lápò, báírò tí ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn nínú ilé yẹn, ó nà án sí ọmọ náà. Ó mú ìwé tirẹ̀, ó kọ ọ́ sínú rẹ̀ gàdàgbà gàdàgbà: *Gaari máa jáde ní Sátidé. Gbàdàmọ́sí.*

"Hanifah, ìwọ lo gbà á. Èmi ni mo ṣì í. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí ẹ lánàá náà, mo ṣì í sọ. Má bínú sí mi, ọmọ mi. Máàkì mí."

Ọmọ náà yí padà. Ó wo bàbá náà, ó wo báírò. "Kí n máàkì yín?"

"Bí wọ́n ṣe ń máàkì ẹlòmíràn ni kí o máàkì mí."

Ó jókòó. Ó fa ìlà méjì kọjá ara wọn lórí Sátidé, pupa, ó tóbi. Lẹ́yìn náà ó fi ìdí báírò sẹ́nu, ó ronú títí, ó sì kọ márùn-ún nínú mẹ́wàá. "Nítorí ẹ̀yin náà kà á dáadáa," ó ní, "ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ni kò dáa." Ó rí i pé ojú bàbá náà ti ń ṣomi, ó sì fi ọwọ́ kékeré rẹ̀ lé orúnkún rẹ̀. "Bàbá, ẹ má sunkún. Háàfù ni. Ó ju kúọ́tà lọ."

Ní Mọ́ńdè, Hanifah lọ sí ìdánwò. Tíṣà sìn ín dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé, kò bi í ní ìbéèrè kankan lójú ọ̀nà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀fun ń yún un.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ọjọ́ tí wọ́n fún wọn ní káàdì, ẹ gbà mí gbọ́, Azeemah ti wà nílé pẹ̀lú àpò ńlá kan tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ẹrù ọmọ ló fẹ́ fi kó. Kò sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wọn rí àpò náà, kò sì sẹ́ni tó lè jẹun. Hanifah sáré wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó na káàdì sí ìyá rẹ̀. Mẹ́rìnléláàádọ́ta.

"Ó ju ìdajì lọ!" Hanifah ń fò. "Ó fi mẹ́rin jù ú lọ, Màmá!"

Sàúdátù ké "Alihamudulilai!" ó sì ń jó níbẹ̀ láìsí ìlù. Azeemah dì mọ́ ọmọ rẹ̀, ó jókòó, ó ní kí wọ́n fi ìwé tó fi kàwé han òun. Ìwé tó kọ́kọ́ bọ́ sí i lọ́wọ́ lórí tábìlì, ti Tíṣà ni. Ó ṣí i. Ó rí ọwọ́ bàbá rẹ̀, tó mọ̀ dáadáa, ó rí ìlà pupa lórí rẹ̀.

"Bàbá, ta ló fún yín ní márùn-ún nínú mẹ́wàá?"

"Tíṣà mi ni," Tíṣà dáhùn, ó ń tọ́ka sí Hanifah. "Ó le díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í fi rúlà lu tábìlì."

Azeemah kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín náà tán lójú rẹ̀, ó sì ń fi ìka tọ ìlà pupa náà. "Mi ò rí irú èyí lọ́wọ́ yín rí," ó wí. "Ẹ̀rù yín máa ń bà mí, Bàbá. Títí dòní, bí mo bá fẹ́ wọn oògùn fún aláìsàn, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo máa ń ṣe é, mo sì máa ń gbọ́ rúlà yín lórí tábìlì."

Tíṣà yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún fún ìgbà pípẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ti sọ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́ẹ̀kan, ìdí nìyẹn tí kò fi há mọ́ ọn lọ́fun lọ́tẹ̀ yìí.

"Azeemah, èmi ni mo ṣì í."

Azeemah sún mọ́ bàbá rẹ̀ lórí àga, ó fara tì í, bí Hanifah ṣe máa ń ṣe tí ìròyìn bá ń lọ.

Nígbà tó ń lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, gaari ló wà nínú àpò ńlá náà. Hanifah ló wọ̀n ọ́n sí i, kò sì sẹ́ni tó tún un kà lẹ́yìn rẹ̀. Azeemah dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ọjọ́ mẹ́jọ òní ni mo máa padà wá. Bàbá, ẹ bá mi wá àpótí kan sílẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé."

Lẹ́yìn tí kẹ̀kẹ́ ti gbé e kọjá igun, Tíṣà Gbàdàmọ́sí àti Hanifah ṣì dúró síbẹ̀, wọ́n ń fi ìka ka ọjọ́. Òní ni wọ́n fi ṣe ọ̀kan.